Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kejì

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn àgbà wa ti ń wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Bí ọ̀rọ̀ náà sì ti wọ́pọ̀ lẹ́nu wa tó, tí a fi ń yin ẹni tí òye rẹ̀ yá, tí a fi ń bá ẹni tí kò tètè mòye wí, tí a sì ń sá sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ìtìjú kò jẹ́ kí a la ohun tí ó wà lọ́kàn wa mọ́lẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn dúró bi ara rẹ̀ léèrè pé níbo gan-an ni àbọ̀ kejì ti ń wá. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kò mú un wá, nítorí pé òun ni ó fi í sílẹ̀ nílé; atẹ́gùn tí ó gbé ohùn rẹ̀ kò mú un wá, nítorí pé alárùú lásán ni atẹ́gùn, kì í fi kún ẹrù ẹlẹ́rù. Inú abà ẹni tí ń gbọ́ ni ó ti ń wá. Bí a bá gbé àbọ̀ iṣu fún ẹni tí iṣu wà ní abà rẹ̀, iṣu ni yóò fi kún un. Ẹni tí ó jẹ́ pé èsúrú nìkan ni ó kó jọ, èsúrú ni yóò fi kún un, yóò sì fi tọkàntọkàn búra pé bí a ti gbé e fún òun gan-an nìyẹn.

Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè-àìyédè tí ń bẹ láàrin ọmọ ènìyàn ti ń ṣẹ̀. A máa ń di ẹ̀bi ru ẹnu, a máa ń di ẹ̀bi ru etí. A ní lágbájá kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ, a ní tàmẹ̀dò kò létí ìgbọ́ràn. Bẹ́ẹ̀ ẹnu lè dá ṣáká, kí etí mọ́ gaara, kí ọ̀rọ̀ sì bọ́ sílẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì kí ó fọ́ bí ẹyin.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, bàbá mi rán mi sí àbúrò rẹ̀ tí gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì ọjà. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ó yẹ kí Bàbá Kékeré wá sí ọ̀dọ̀ wa, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ kan. Bàbá mi ní kí n sọ fún un pé kí ó má wulẹ̀ wá mọ́, nítorí pé òun fúnra òun yóò wá bá a nílé bí oòrùn bá ti rọ̀. Mo ní, "Mo gbọ́, sà," mo sì ta mọ́ eré. Lójú ọ̀nà mo rí àwọn ẹgbẹ́ mi tí ń ta òkòtó, mo dúró wo tiwọn, mo sì ta tèmi náà. Nígbà tí mo fi dé iwájú Bàbá Kékeré, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nìkan ni ó kù lórí mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá ní kí ẹ má wulẹ̀ wá mọ́." Ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." N kò purọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu mi jáde, ti bàbá mi ni.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti pín ogún bàbá wọn ni nǹkan kan ti wà nínú Bàbá Kékeré tí kò sọ jáde fún ẹnikẹ́ni. Èyíinì ni ó wà ní abà rẹ̀, èyíinì sì ni ó fi kún àbọ̀ tí mo gbé dé. Ó gbé àdá, ó gba oko lọ, kò sì padà ní ọjọ́ náà. Nígbà tí bàbá mi débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí ó bá ìlẹ̀kùn ní títì, òun pẹ̀lú yà sínú abà tirẹ̀, ó sì mú ohun tí ó bá níbẹ̀: pé àbúrò òun ti dàgbà kọjá ẹni tí ń dúró de òun. Ọdún méjì gbáko ni wọn kò fi kí ara wọn, títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu ìyá mi, tí gbogbo rẹ̀ sì tú sí gbangba. Ohun tí ó ń dùn mí jù títí di òní kì í ṣe pé mo gbàgbé, nítorí pé ọmọdé ni mí, òkòtó sì dùn. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé Bàbá Kékeré béèrè, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè dá a lóhùn ni ó ti béèrè, ọmọ tí ẹ̀rù àgbà ti bà tó bẹ́ẹ̀ tí "bẹ́ẹ̀ ni, sà" nìkan fi kù ní ẹnu rẹ̀.

Èdè wa fúnra rẹ̀ mọ nǹkan kan nípa ọ̀ràn yìí tí àwa tí ń sọ ọ́ kì í sáábà kíyè sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni "gbọ́", ṣùgbọ́n ẹrù tí ó rù kì í ṣe ẹyọ kan. A fi ń wí pé ohùn wọ etí, a ní "mo gbọ́ ìró ìlù". A fi ń wí pé òye èdè kan wà lọ́dọ̀ ènìyàn, a ní "ó gbọ́ Haúsá". A sì tún fi ń wí pé ènìyàn tẹ̀ lé àṣẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ìrìn èèrà fi lè jẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ yóò káwọ́ lérí fún pé "ọmọ yìí kì í gbọ́". Nígbà tí ọmọdé bá wá ní "mo gbọ́, sà", èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń wí? Àgbà tí ó rán an níṣẹ́ rò pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni; ọmọ náà lè máà ní ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ti "yé" sì tún yàtọ̀. Ẹnìkan kì í wí láàrin wa pé òun yé ọ̀rọ̀. "Ọ̀rọ̀ náà yé mi" ni à ń wí. Ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́, ènìyàn ni a ń ṣe iṣẹ́ náà fún. Nítorí náà, gbígbọ́ jẹ́ iṣẹ́ tí mo lè gbé ọwọ́ lé, bí àgbẹ̀ ti í ṣán oko tí í sì í kọ ebè. Ṣùgbọ́n yíyé dà bí òjò, a kì í pàṣẹ fún un, a kàn lè múra ilẹ̀ sílẹ̀ dè é. Mo rò pé ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nínú gbogbo ìsìn tí ń bẹ láàrin wa ni a ti ń tọrọ òye lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá, nígbà tí ó jẹ́ pé kò sí ẹni tí ń tọrọ pé kí òun lè fi etí gbọ́, bí kò ṣe adití.

Àwọn àgbà ń pa ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan tí oko wọn dojú kọ ara wọn, tí ọ̀nà tóóró kan la àárín rẹ̀ kọjá, tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn débi pé wọ́n ti mulẹ̀ pé àwọn kò ní jà láéláé, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbàgbé Èṣù nínú ìmùlẹ̀ náà. Èṣù Láàlú, Láaróyè, ẹni tí ń gbé oríta, dé fìlà kan tí apá kan rẹ̀ pupa bí osùn tí apá kejì sì dúdú bí aró, ó sì gba àárín oko méjèèjì kọjá bí ẹni tí ń lọ sí ọjà. Kò pẹ́ tí ó kọjá ni ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀rẹ́ mi, o ha rí bàbá onífìlà pupa tí ó kọjá yìí?" Èkejì ní, "Fìlà dúdú ni, ọ̀rẹ́ mi." Wọ́n ṣe é bí àwàdà, ó di iyàn, iyàn di ìbínú, ìbínú di ìjà. Ọ̀pọ̀ tí ń pa ìtàn yìí máa ń parí rẹ̀ sórí àgálámàṣà Èṣù. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé olóòótọ́ ni àwọn méjèèjì, ojú wọn kò sì fọ́; ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gbé ẹsẹ̀ kọjá ọ̀nà tóóró yẹn láti dúró sí ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró sí, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti ìlù, nítorí pé ó ṣe mí ní ìyanu. Dùndún kò ní ètè, kò ní ahọ́n. Kò lè pe "b", kò lè pe "k". Ohùn nìkan ni ó ní, òkè, ìsàlẹ̀ àti àárín, pẹ̀lú bí ọwọ́ ṣe ń fún ọṣán rẹ̀. Síbẹ̀ onílù yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà ọlọ́lá, yóò ki í láti orí bàbá ńlá rẹ̀ wá, ọlọ́lá yóò sì ju owó sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, nítorí pé ó ti fi ohun tí ó mọ̀ nípa ara rẹ̀ kún ohùn náà, ó ti di odindi lọ́kàn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi ni, ìlù kan náà lè di èébú sí i létí. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ni í jó o, ọ̀mọ̀ràn ni í mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn òyìnbó oníwàásù dé, òdìkejì èyí ni wọ́n ṣe, láìmọ̀. Wọ́n mú ohùn orin tí wọ́n fi ń kọ orin ìyìn nílé wọn, wọ́n to ọ̀rọ̀ Yorùbá sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, lẹ́tà pé, ṣùgbọ́n ohùn ti sọnù. Ẹni tí ó mọ̀ pé igba kì í ṣe igbá, pé igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ kì í ṣe ìgbà tí à ń dá fún iṣẹ́, yóò mọ irú ìyà tí èyí fi jẹ etí. Àwọn ìyá wa ń fi omijé kọ orin tí ohùn rẹ̀ ti yí ọ̀rọ̀ padà mọ́ wọn lẹ́nu. Nítorí ọ̀ràn yìí ni T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, atẹdùrù Ṣọ́ọ̀ṣì Kàtídírà ti Kristi ní Èkó, ṣe làálàá fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó ń ṣe orin tí yóò tẹ̀ lé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, tí ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Ìlù ní ohùn, kò ní lẹ́tà. Orin àwọn òyìnbó ní lẹ́tà, kò ní ohùn. Ó sì yẹ kí ó kọ́ wa ní nǹkan pé ti ìlù ni ó tètè ń yé wa.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun kékeré ni ìyàtọ̀ ohùn tàbí ti lẹ́tà kan ṣoṣo. Nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí kejìlá, àwọn ará Gílíádì dúró ní ìwọdò Jọ́dánì, wọ́n ń ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá pe ọ̀rọ̀ kan, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò bá sì lè pe "ṣ" tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pa. 42,000 ará Éfúráímù ni Ìwé náà sọ pé wọ́n ṣubú. Àwa ń fi àwọn ará Ìbàdàn ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí "s" àti "ṣ" yìí kan náà, a sì ń rẹ́rìn-ín. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ẹ̀rín ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ rí ọ̀ràn yìí bí ó ti tóbi tó, kí ó wo ìgbésí ayé Àjàyí, Ògídí-olú, ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ wáyé ní Òṣogùn, tí ogun kó ní 1821 nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá, tí a tà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí a fi kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí ní Èkó, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn ọmọ Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Ìjẹ̀bú tí òkun gbé wá bí ó ti gbé òun wá, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀ka èdè ìlú tirẹ̀. Àwọn tí ó bá wọn gbé ibẹ̀ ń gbọ́ tí wọ́n ń kí ara wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ẹ kú èyí, ẹ kú tọ̀hún, wọ́n sì sọ gbogbo wọn ní Akú. Àwọn ènìyàn wa ń kí ni, àwọn tí ń gbọ́ rò pé orúkọ ni wọ́n ń dá. Orúkọ náà sì mọ́ wọn lára títí dòní.

Ọkùnrin yìí, tí a ṣe ìrìbọmi fún ní 1825 tí ó sì di Samuel Crowther, tí a fi joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, tí ó kọ́kọ́ fi èdè Yorùbá wàásù ní Freetown ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, òun ni a gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ pé kí ó gbé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wọ inú èdè wa. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Nígbà tí yóò fi di 1884, odindi Bíbélì ti wà. Ọmọ tí a ti já kúrò ní ẹnu ọmú èdè rẹ̀ ní ọmọ ọdún méjìlá ni ó wá padà jókòó ti àwọn àgbà, tí ó ń tẹ́tí sí bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, tí ó sì ń kọ èyí tí ó bá ṣàjèjì sí i sílẹ̀. Ẹ sì wo ọgbọ́n rẹ̀. Àlùfáà, àdúrà, wàásù, àlàáfíà, wòlíì: ọ̀nà ìmàle ni gbogbo wọn gbà wọ ilé wa, kí Bíbélì tó dé ni wọ́n sì ti wà ní ẹnu ọlọ́jà àti ẹnu ọba. Onígbàgbọ́ tí ó kúnlẹ̀ lónìí tí ó ń gbàdúrà fún àlàáfíà lẹ́yìn tí àlùfáà ti wàásù tán, ọ̀rọ̀ ìmàle ni ó fi ń bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá ilé pàdé nítorí pé àbọ̀ kejì wọn ti wà ní abà àwọn ènìyàn wa tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti rí ẹni tí ń gbàdúrà, wọ́n mọ ohun tí ó ń ṣe.

Nígbà tí ó kan ọ̀tá Ọlọ́run tí Ìwé Mímọ́ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni nǹkan yí padà. Ní ibòmíràn a fi orúkọ Sátánì sílẹ̀ bí ó ti wà; ní ibòmíràn a fi Èṣù dípò. Kì í ṣe àwọn onígbàgbọ́ nìkan ni ó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn mùsùlùmí Yorùbá pẹ̀lú ń pe Ṣàìtánì wọn ní Èṣù. Onígbàgbọ́ ni mí, n kò sì jẹ́ bọ Èṣù. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní ìsìn méjì, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí mo mọ̀. Èṣù tí olùsìn rẹ̀ ní ní abà kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Oníbodè ni, òun ni ó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, òun ni ó ń ṣọ́ bí ènìyàn àti òrìṣà ti ń rìn. Ó le, ó ń fìyà jẹni, a sì ń fún un ní ìpín tirẹ̀ kí a tó fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ni. Nígbà tí oníwàásù wá dúró ní ọjà tí ó kéde pé Èṣù ni olórí ọ̀tá Ọlọ́run, àbọ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá àbọ̀ tí ó yàtọ̀ pátápátá pàdé nínú ẹni tí ń gbọ́ ọ. Oníwàásù rò pé òun ti dẹ́rù ba ẹ̀ṣẹ̀. Olùsìn rò pé àlejò kan ti ọ̀nà jíjìn wá láti wá bú oníbodè ìlú. Bọ́lájí Ìdòwú, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, sọ ọ́ gbangba nínú ìwé tí ó kọ lórí Olódùmarè ní 1962 pé Èṣù àwọn baba wa kì í ṣe èṣù inú Bíbélì, ṣùgbọ́n kí ó tó sọ ọ́, ìran mẹ́ta ti dàgbà tí ó jẹ́ pé ìhà kan ṣoṣo nínú fìlà náà ni wọ́n rí.

Ọ̀ràn Èṣù yìí sì tún gba òkun kọjá. Ní Bràsíìlì, àwọn aláwọ̀ funfun rí Exu, wọ́n ní èṣù búburú ni. Àwọn olùsìn candomblé, ìsìn òrìṣà ibẹ̀, gbọ́, wọn kò bá wọn jiyàn, wọ́n sì ń bá a lọ láti máa bọ ọ́ ṣáájú gbogbo òrìṣà bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìsìn. Ní Kúbà, Ẹlẹ́gbára ni wọ́n ń pè ní Eleguá, àwòrán ọmọdé mímọ́ kan tí ìjọ Kátólíìkì ń bọlá fún, Ọmọ Mímọ́ ti Atocha, ni wọ́n sì fi ṣe ojú rẹ̀. Òrìṣà kan náà tí ó ti ilẹ̀ wa lọ, ní ibì kan ojú rẹ̀ dà bí ti olórí ẹ̀mí èṣù, ní ibòmíràn bí ti ọmọdé tí kò tíì dẹ́ṣẹ̀. Ẹni tí ó dé fìlà aláwọ̀ méjì la àárín àwọn ọ̀rẹ́ kọjá, òun ni ayé wá dé fìlà aláwọ̀ méjì fún.

N kò dá Àjàyí lẹ́bi bí àwọn kan ti ń dá a lẹ́bi lóde òní. Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, ìyẹn ni pé oníṣẹ́ tí ó ní làákàyè kì í kó ọ̀rọ̀ dà sílẹ̀ bí ó ti gbà á, ó ń tún un ṣe kí ó lè wọ etí ẹni tí a rán an sí. Ọkùnrin yìí ti ṣe ẹrú rí ní tòótọ́, ó sì fi iṣẹ́ tí a rán an jẹ́ ti ọmọ, tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè sọ Yorùbá tí a ń kọ sínú ìwé lónìí láìmẹ́nu kàn án. Níbi tí mo rò pé ó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ó sàn kí a gbé wọn wọlé ní àlejò, kí wọ́n sì máa jẹ́ àlejò títí a ó fi mọ̀ wọ́n, ju kí a fi orúkọ ọmọ ilé pè wọ́n lọ. Orúkọ Sátánì ì bá tó. Àlejò a máa ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹni tí a bá sọ ní orúkọ onílé, ilé ni yóò máa ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ jẹ́ iṣẹ́ wọn, babaláwo ni mo rò pé ó gba ọ̀ràn àbọ̀ kejì yìí gbọ́ jù. Ẹni tí ó wá dífá kì í sọ ohun tí ó bá a wá fún un. Yóò gbé owó sún mọ́ ẹnu, yóò sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún owó náà jẹ́jẹ́, babaláwo kò sì ní gbọ́. Lẹ́yìn tí odù bá ti yọ lójú ọpọ́n, ọ̀kan nínú 256, babaláwo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹsẹ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi kan èyí tí ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ yóò ní, "Ó dúró, bàbá, ọ̀rọ̀ mi rè é." Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ti ba ẹni tí ń gbọ́, ó ń wí, ó ń dúró, ó ń wo ojú rẹ̀. Bí mo ti jẹ́ onígbàgbọ́ tó, mo ti jókòó sí abẹ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù tí oníwàásù kò fi ìgbà kankan dúró wo ojú ẹnikẹ́ni. Ní àwẹ̀ Ràmàdánì pẹ̀lú, bí ajánásì bá ka ẹsẹ Kùránì ní èdè Lárúbáwá, ó ń dákẹ́, kí àlùfáà tí ń ṣe tàfúsíírì tó tú u sí Yorùbá. Ìdákẹ́jẹ́ kékeré yẹn, láàrin ohùn ẹni àkọ́kọ́ àti ohùn ẹni kejì, ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ó gbà pé ọ̀nà wà láàrin ẹnu àti inú, a sì gbọ́dọ̀ rìn ín.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀nà náà jìn, ṣùgbọ́n wọ́n tún mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọn kò nílò púpọ̀ láti dé ọ̀dọ̀ ara wọn. Nígbà tí a ń pàrokò, ẹni tí ó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà so pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ń wí pé ọkàn òun fà mọ́ ọn, nítorí pé ẹ̀fà ni. Bí ẹni tí ó gbà á bá dá mẹ́jọ padà, ó ń wí pé bí ó ti rí lọ́kàn rẹ̀ ni ó jọ rí lọ́kàn tòun, nítorí pé ẹ̀jọ ni. Gbé owó mẹ́fà yẹn fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, yóò kà á, yóò rí i pé mẹ́fà ni, yóò sì fi í sápò. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹ̀gà ni í máa wí pé ẹ̀gà ń pàtótó.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa Àjàyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti ya wọ́n, ìyá rẹ̀ Àfàlà gbọ́ pé ọmọ òun wà láàyè, ó sì wá a wá. Ọmọ náà ti di ẹni tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ti ka ìwé Gíríìkì, ó ti dúró níwájú àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ kò mọ ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí wọ́n rí ara wọn, kò sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ojú ara wọn pẹ̀lú ìyanu, omijé sì ń ṣàn lójú ìyá àgbàlagbà náà tí ó ti rù gan-an. Àwọn ènìyàn ti ń pé jọ sí àgbàlá. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àwọn orúkọ ìkẹ́ tí ìyá rẹ̀ àgbà máa ń pè é nígbà èwe rẹ̀, ìyá àgbà tí ó ti kú sí oko ẹrú.